Ọkọ̀ Agolo, Ègé Àtúntò àti Èdè Ìperí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

1. Ìfáàrà

Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, orí tábìlì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò wà ní ọwọ́ kan, bébà yóò wà ní ọwọ́ kejì, a ó sì máa wá orúkọ Yorùbá fún orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí olóòótọ́ tí yóò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Síbẹ̀, ibì kan wà tí èdè ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ń jáde láti ẹnu àwọn tí kò mọ̀ pé èdè ìperí ni àwọn ń sọ. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀yìnkùlé ilé, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi agolo, ike àti igi ṣe ọkọ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀yìnkùlé yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí kí a tó jókòó sídìí tábìlì. Àti pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọwọ́ ń kọ́ni ni ó yẹ kí ó ṣe ìpìlẹ̀ èdè ìperí ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ìlú Mọ́níyà àti àwọn abà tí ó yí i ká ni a fi ṣe àpẹẹrẹ.

2. Mọ́níyà àti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀

Mọ́níyà ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará agbègbè rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé irú àyíká bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ kò tíì wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ tí ń lọ gbágùúdá fún gàrí wà níbẹ̀, tí bẹ́líìtì ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì dé ibi tí a ti ń lọ ọ́. Àwọn mẹkáníìkì ń tú ọkọ̀ palẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n sì ń tò ó padà. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, kò jìnnà síbẹ̀. Ojú irin àkọ́kọ́ ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901. Nígbà tí a sì ṣí ojú irin tuntun láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, Mọ́níyà ni a kọ́ ibùdókọ̀ ńlá ti Ìbàdàn sí, a sì fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é.

Ọmọ tí ń rí nǹkan wọ̀nyí lójoojúmọ́ kì í fi ojú lásán wò wọ́n. Yóò mú agolo sàdíìnì tàbí agolo mílíìkì, yóò gé e, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdérí ìgò tí a fi òkúta lù pẹlẹbẹ, tàbí bàtà sílípáàsì tí ó ti gbó tí a gé róbótó, ni yóò di ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ìkejì. Okùn ni a ó fi máa fà á. Ọmọ tí ó bá gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò so ọ̀pá gígùn mọ́ ẹsẹ̀ iwájú kí ó lè máa fi orí ìdúró darí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì parí, iṣẹ́ kò parí. Ní ọjọ́ kejì wọn yóò tú u, èyí tí ó jẹ́ bọ́ọ̀sì lánàá yóò di tírélà, èyí tí ó jẹ́ tírélà yóò di ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo èyí, wọ́n ń sọ̀rọ̀: wọ́n ń sọ pé ó há, pé ó ń mì, pé kò wọ̀ ọ́, pé kí a yọ ọ́, kí a tún un kì bọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ìmọ̀ ẹ̀rọ gan-an, wọn kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ wa.

3. Irú eré kan náà ní òkè òkun

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé eré ọmọ tálákà nìkan ni èyí. Ní ọdún 1901, Frank Hornby ní ìlú Liverpool gba ìwé àṣẹ fún ohun ìṣeré tí a wá mọ̀ sí Meccano: ọ̀pá irin pẹlẹbẹ oníhò tí a ń fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì so pọ̀. Ole Kirk Christiansen, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Billund ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ohun ìṣeré onígi ní ọdún 1932, ilé-iṣẹ́ náà sì di LEGO. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1958 ni ọmọ rẹ̀, Godtfred, béèrè fún ìwé àṣẹ lórí ègé ike tí gbogbo ayé mọ̀ báyìí, èyí tí kókó orí ọ̀kan ń há sí abẹ́ èkejì. Ní ọdún 1977 ni wọ́n mú oríṣi kan jáde tí ó ní ọ̀pá, kẹ̀kẹ́ eléyín àti ihò tí ọ̀pá lè yí nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, àgbàlagbà pàápàá ń fi í ṣe kéréènì, katakata àti ọkọ̀ tí ń gbéra. Wọ́n á ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti fi ìwé ìlànà sí, wọ́n á tò ó bí ìwé ti wí, lẹ́yìn náà wọ́n á tú apá kan rẹ̀ kí wọ́n lè mú un gbé ẹrù jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kí ó sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń díje nínú FIRST LEGO League. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ohun méjì nípa ègé wọ̀nyí kan iṣẹ́ èdè ìperí. Èkíní ni pé láti ọdún 1958 a kò yí ìwọ̀n rẹ̀ padà; ègé tí a ṣe nígbà náà ṣì ń há mọ́ èyí tí a ṣe lónìí. Èkejì ni pé díẹ̀ níí bí púpọ̀. Ègé mẹ́fà péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́jọ tí àwọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, ni a lè tò pọ̀ ní ọ̀nà 915,103,765. Bí èdè ìperí tí ó dára ti ń ṣe nìyí: ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀, tí ìtumọ̀ wọn kì í yẹ̀, tí a sì ń ti ara wọn ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀lọpọ̀.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń fẹ́ àtúnyẹ̀wò

4.1 Tò, kàn, so àti há. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo ọ̀nà tí nǹkan méjì ń gbà di ọ̀kan. Ẹni tí ó kàn án ti lo ìṣó. Bí ó bá yọ ọ́, ihò yóò kù. Ẹni tí ó so ó ti lo okùn. Ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ ti lo gọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó tò ó gbé ọ̀kan lé orí èkejì ní ètò, kò sì tíì sọ pé wọ́n mú ara wọn. Nígbà tí nǹkan bá há, ihò ni ó dì í mú. Olùkọ́ tí ó bá fi “darapọ̀” pe gbogbo wọn ti gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Èyí ni ó fa àbùkù orúkọ náà, “bíríkì ìṣeré”, tí ó rọrùn láti sọ. Sìmẹ́ǹtì ni ó ń di bíríkì mọ́ bíríkì, ẹni tí yóò sì yà wọ́n yóò fọ́ wọn. Ti ègé ike yìí yàtọ̀ pátápátá: há ni ó ń há, a sì lè tú u nígbàkúùgbà láìfọ́ ọ. Nítorí náà, “ègé àtúntò” bá a mu jù. Àwọn kan lè wí pé a ti ń lo “àtúntò” fún ètò ìṣèlú. Kò sí aburú níbẹ̀, nítorí ìtumọ̀ kan náà ni: ohun tí a tú, tí a sì tò ní ọ̀nà mìíràn.

4.2 Àtúnṣe àti àtúnrọ. Ohun tí ó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe. Ọmọ tí ó sọ bọ́ọ̀sì agolo di tírélà kò tún un ṣe, nítorí bọ́ọ̀sì náà kò ní àléébù kankan. Bí olùkọ́ bá pe iṣẹ́ méjèèjì ní “àtúnṣe”, ohun tí ó ń wí fún ọmọ náà ni pé ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ nìkan ni ó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ. “Àyípadà” náà fẹ̀ jù. Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ń yí padà.

Ilé arọ ni ó yẹ kí a yà sí. Alágbẹ̀dẹ a máa mú ọkọ́ tí ó ti jẹ tán, a fi ẹwìrì fẹ́ iná sí i, a fi ẹ̀mú dì í mú, a sì fi ọmọ owú tún un rọ di ọ̀bẹ. Inú “rọ” yìí náà ni a lè tú “ẹ̀rọ” sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tú “ẹ̀kọ́” sí “kọ́” àti “ẹ̀bùn” sí “bùn”. Bí a bá ní “àtúnṣe”, “àtúnkọ” àti “àtúnbí”, kò sí ohun tí ó ní kí a má ní “àtúnrọ”. Àtúnṣe ni kí ẹ̀rọ padà sí bí ó ti wà. Àtúnrọ ni kí ó di ohun tí kò jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kò mọ sí eré. Láti ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ni ètò ti wà láti sọ ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù di èyí tí ń lo gáàsì. Ẹni tí ó bá rò pé àtúnṣe lásán ni èyí lè gbé e fún ẹnikẹ́ni tí ó mọ ọkọ̀ tún ṣe. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé àtúnrọ ni yóò béèrè ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan tí a kò yà sọ́tọ̀ lè fa ìjàǹbá.

4.3 Ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá. Ẹnu àwọn ọmọdé àti awakọ̀ ti yanjú apá kan nínú èyí. Táyà ni rọ́bà ìta. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni gbogbo ohun róbótó tí ó kan ilẹ̀ tí ó sì ru ọkọ̀. Ohun róbótó tí ń yí nínú ẹ̀rọ tí kò kan ilẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ nǹkan kan, kẹ̀kẹ́ ni.

Ibi tí ó ṣòro ni ọ̀pá tí ó la àárín ẹsẹ̀ kọjá. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tí ń ṣe ọkọ̀ agolo sì mọ méjèèjì. Ní ọ̀nà kìíní, ẹsẹ̀ há mọ́ ọ̀pá pinpin, ihò ara agolo sì gba ọ̀pá láàyè, tí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ fi ń yí pọ̀. Ní ọ̀nà kejì, ọ̀pá há mọ́ agolo, ihò àárín ẹsẹ̀ sì gbà á láàyè, tí ẹsẹ̀ nìkan fi ń yí. Bí ihò méjèèjì bá fún, ọkọ̀ kò ní í rìn. Bí méjèèjì bá gba ọ̀pá láàyè, ẹsẹ̀ yóò máa mì títí yóò fi yọ. Ọkọ̀ ojú irin tí ń dúró ní Mọ́níyà ń lo ọ̀nà kìíní: a ti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀pá pátápátá, wọ́n sì jùmọ̀ ń yí. Ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere ń lo ọ̀nà kejì. Àwọn tí ó ṣe ègé àtúntò náà mọ èyí. Ìdí nìyí tí orí ọ̀pá wọn fi rí bí àmì ìròpọ̀ (+). Bí ó bá wọ ihò tí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, yóò há mọ́ ọn, wọn yóò jọ máa yí. Bí ó bá wọ ihò róbótó nínú ègé, yóò máa yí fàlàlà.

Bí “ajùmọ̀jogún” ti jẹ́ ẹni tí ó bá ẹlòmíràn jogún, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí èyí tí ń bá ẹsẹ̀ yí máa jẹ́ “ọ̀pá ajùmọ̀yí”, kí èyí tí kò yí sì máa jẹ́ “ọ̀pá adúró”. Ọmọ tí ó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́.

4.4 Eyín àti jíà. “Jíà” ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kò sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu awakọ̀, kò sì yẹ kí a gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ bá ní òun fi ọkọ̀ sí jíà kejì, ipò ìsáré ni ó ń sọ, kì í ṣe ohun róbótó tí ó ní eyín. Ayùn ní eyín, òòyà ní eyín. Kí ohun róbótó náà máa jẹ́ “kẹ̀kẹ́ eléyín”, kí a sì fi jíà sílẹ̀ fún awakọ̀.

Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú ègé àtúntò máa ń ní eyín 8, 24 tàbí 40. Bí eléyín 8 bá ń yí eléyín 24, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kékeré yóò yípo kí ńlá tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Ńlá yóò lọ́ra, ṣùgbọ́n agbára tí ó fi ń yí nǹkan yóò di ìlọ́po mẹ́ta, bí a bá yọ ìwọ̀nba tí ń ṣòfò níbi tí eyín ti ń ha eyín. Bí ó bá jẹ́ eléyín 40 ni, ìlọ́po márùn-ún ni. Bí ọ̀kan bá yí sí ọ̀tún, èkejì yóò yí sí òsì. Ní ti bẹ́líìtì tí a kò lọ́ po, bí irú èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ gbágùúdá, ọ̀nà kan náà ni kẹ̀kẹ́ méjèèjì ń yí sí. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ni a ti fi “yí”, “yípo” àti “ìlọ́po” kọ́, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ tuntun kan nínú rẹ̀. Bí ìwé ìdánwò bá fẹ́ orúkọ dandan, “ìlọ́po ìyípo” wà nílẹ̀. Orúkọ yẹn yóò yé ọmọ nítorí pé ó ti kọ́kọ́ mọ ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀.

4.5 Ẹ̀dà. “Àwòṣe” ni ọ̀pọ̀ ń pe ọkọ̀ kékeré tí a ṣe ní àfijọ ọkọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n àwòṣe ni ohun tí a wò kí a tó ṣe nǹkan. Ọkọ̀ ńlá ni àwòṣe níhìn-ín, kékeré ni a ti ara rẹ̀ ṣe. Ẹnìkan lè fẹ́ dá “àwòrọ” sílẹ̀ láti ara “rọ”. Ìyẹn sún mọ́ “àwòrò” òrìṣà jù, bí atẹ̀wé bá sì gbàgbé àmì ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ọmọdé á di olùbọ. “Ẹ̀dà ẹ̀rọ” tó, nítorí gbogbo ẹni tí ó mọ̀wé ni ó mọ ẹ̀dà.

5. Àtakò àti ìdáhùn

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ àṣedànù ni èyí, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò fi ṣe ìdánwò. Ọ̀rọ̀ náà sì lágbára lónìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi í kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà; ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 a kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni.

Ìdáhùn kìíní wà ní Modákẹ́kẹ́. Láti ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìdáhùn kejì ni pé àṣẹ ìjọba lè lé Yorùbá kúrò ní kíláàsì, kò lè lé e kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ tí ó mọ ìgbà tí ọ̀pá há àti ìgbà tí ó ń mì mọ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí ó bá dé ilé-ìwé, tí a sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan nítorí pé kò mọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, a ti kọ́ ọ pé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ kì í ṣe ìmọ̀. Ìpalára yẹn ni èdè ìperí wà láti dènà, ìlànà ìjọba ìbáà gbè é, ìbáà má gbè é.

Àtakò kejì ni pé ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀ láti abà dé abà. Òtítọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àkọtọ́ náà yàtọ̀ láti ìwé dé ìwé kí ìgbìmọ̀ tó fẹnu kò ní ọdún 1974. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè Ìperí Yorùbá ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní ọdún 1990, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n yanjú. Ìmọ̀ ẹ̀rọ náà tọ́ sí irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀. Kí a kó ọ̀rọ̀ jọ láti abà púpọ̀, kí a yan èyí tí ó là yéni jù, kí a má sì yí i padà mọ́, bí a kò ti yí ìwọ̀n ègé náà padà láti ọdún 1958.

6. Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó tẹ̀yìn èyí jáde. Kí àwọn olùkọ́ ní agbègbè bí Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà máa kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn ọmọ ń lò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọkọ̀ agolo, pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe lọ́wọ́. Kí àwọn atúmọ̀ èdè má ṣe ṣẹ̀dá orúkọ ẹ̀rọ kan tí wọn kò rí i kí a tú u, kí a sì tò ó. Kí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè sì dán àwọn ọ̀rọ̀ tí a dárúkọ níhìn-ín wò ní kíláàsì kí wọ́n tó fọwọ́ sí wọn. Èyí tí ọmọ kò bá lè fi júwe iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí a jù ú nù, ẹni yòówù kí ó ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Pẹpẹ ìwé wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Inú agolo ni ọwọ́ àwọn ọmọ Mọ́níyà wà. Iṣẹ́ èdè ìperí ìmọ̀ ẹ̀rọ kò lè parí bí ọ̀kan bá dá a ṣe.